Marlys Wá Wo Bí Ilé Mi Ṣe Tutù Tó

Àna mi Marlys kò tíì bọ́ bàtà tó fi bèèrè pé ta ló kú nínú ilé yìí. Mo ní kò sẹ́ni tó kú. Ó ní kí ló wá dé tí ilé fi tutù báyìí, àfi bí ẹni pé òkú la tẹ́ sí yàrá.

Mo rẹ́rìn-ín, nítorí mo fẹ́ kó rí mi bí èèyàn jẹ́jẹ́, ṣùgbọ́n inú mi ò dùn sí i rárá. Agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni, ẹ̀rọ amúlégbóná kì í sì í tàn nílé mi títí di agogo márùn-ún. Bí òtútù bá mú èèyàn ṣáájú ìgbà yẹn, súwẹ́tà wà. Bí súwẹ́tà ò bá tó, súwẹ́tà kejì wà. Bí ìyá mi ṣe tọ́ mi ní Otley nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí nìyẹn, bí mo sì ṣe tọ́ Russell ọmọ mi nìyẹn, kò sì sí ìkankan nínú wa tó gan pa.

Ọ̀rọ̀ oyún ló gbé Marlys wá láti Duluth ní Amẹ́ríkà. Britta ọmọ rẹ̀ ló fẹ́ Russell, ọ̀dọ̀ mi ni àwọn méjèèjì ń gbé kí wọ́n tó rí ilé tiwọn rà, oyún náà sì ti wọ oṣù keje. Marlys ti sọ ọ́ lórí fóònù pé òun ò lè gbà kí ọmọ-ọmọ òun bọ́ sáyé nínú ilé tí èèyàn ti ń rí èémí ara rẹ̀ nínú balùwẹ̀. Ó ní òun ń bọ̀ wá fi ojú ara òun wò ó, bí kò bá sì tẹ́ òun lọ́rùn, lọ́jọ́ Sátidé lòun máa mú ọmọ òun lọ sílé kí àwọn ọlọ́kọ̀ òfuurufú tó ní oyún ti tóbi jù.

Èmi ńkọ́? Russell nìkan ni mo bí. Láti ìgbà tí bàbá rẹ̀ ti kú, kò sí ohun tí mò ń retí láyé yìí bí kò ṣe pé kí n wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ọmọ yẹn bá dé, kí n gbé e, kí ara rẹ̀ ṣì gbóná láti inú ìyá rẹ̀. Mo ti kun yàrá kékeré tó wà lókè. Mo ti hun fìlà débi pé ọmọ náà á nílò orí mìíràn. Mi ò ní gbà kí ẹnikẹ́ni torí òtútù díẹ̀ gba ayọ̀ yìí lọ́wọ́ mi. Britta fúnra rẹ̀ kò kúkú ráhùn rí. Ọdún kejì rẹ̀ nìyí lọ́dọ̀ mi, ohun tí mo bá ní kó ṣe ló ń ṣe, súwẹ́tà tí mo bá hun ló ń wọ̀. Mo máa ń fi í yangàn fáwọn aládùúgbò.

Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ò fi nǹkan kan bò. Kò tíì tó wákàtí kan tó dé tó fi dúró síbi ìfọwọ́ nínú balùwẹ̀, tó ń pè mí.

"Beryl, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀rọ omi méjì ló wà níbí. Ọ̀kan ń bó mi lọ́wọ́, èkejì ń sọ ọwọ́ mi di yìnyín. Èwo ni kí n lò?"

"Ẹ dí ihò ìsàlẹ̀ yẹn, kí ẹ po méjèèjì pọ̀."

"Kí n wá máa fi omi ìdọ̀tí ara mi fọ ara mi?"

"Ìdọ̀tí yín náà ṣáà ni, kì í ṣe ti ẹlòmíràn."

Ilé ìdáná ló wá yà á lẹ́nu tán. Ó rí ẹ̀rọ ìfọṣọ lábẹ́ tábìlì ìgẹ́fọ̀ọ́, ó ní ṣé níbi tí a ti ń gé àlùbọ́sà náà la ti ń fọ pátá. Ó gbójú sókè, ó rí ṣòkòtò Russell tí mo sá sórí igi tí a so mọ́ àjà, tó ń jò fẹ̀rẹ̀fẹ̀rẹ̀ lókè àwo. Ó bèèrè ẹ̀rọ tó ń gbẹ aṣọ. Mo ní atẹ́gùn ni. Ó rí abọ́ rọ́bà tí mo gbé sínú ibi ìfọwo, ó ní kí ni abọ́ ń wá nínú abọ́. Fíríìjì mi ńkọ́, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò ó, ó sì bi Britta bóyá nǹkan ìṣeré ọmọ náà ni wọ́n ti ń rà sílẹ̀. Nígbà tó wá fẹ́ mu tíì, ó bu omi sínú ife, ó gbé e sínú àpótí tí a fi ń mú oúnjẹ àná gbóná. Kẹ́tùlù mi wà níbẹ̀, ó ń wò ó. Mo jáde kúrò níbẹ̀ kí n má baà sọ ohun tí mi ò ní lè kó.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé mi ò mọ ilé tirẹ̀. Mo lọ síbẹ̀ nígbà ìgbéyàwó wọn. Yìnyín bo ilẹ̀ dé ojú fèrèsé, ṣùgbọ́n nínú ilé, Marlys wọ aṣọ tí kò lápá, ó ń fẹ́ ara rẹ̀. Mo làágùn bí ẹni tó ń ro oko. Mo fẹ́ ṣí fèrèsé, wọ́n ti dì í pa títí di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Fíríìjì wọn tó kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ mi, ó sì ń pọ yìnyín jáde fúnra rẹ̀. Ibi ìfọwo wọn ní eyín nísàlẹ̀, ẹ̀rọ tó ń lọ àjẹkù oúnjẹ, ó gbé ṣíbí tíì mi mì, ó sì ké bí ẹranko. Abọ́ ìgbọ̀nsẹ̀ wọn kún fún omi tó bẹ́ẹ̀ tí mo rò pé ó ti dí, mo sì lọ pe Russell kó wá tún un ṣe. Mi ò sọ nǹkan kan fún Marlys nígbà yẹn. Àlejò ni mí, mo sì mọ̀ pé àlejò ni mí.

Ọjọ́ kejì tó dé ni Tọ́sìdeè Ìdúpẹ́, ọjọ́ tí àwọn ará Amẹ́ríkà máa ń pa tòlótòló, tí wọ́n á jókòó yí i ká, tí wọ́n á máa dúpẹ́. Britta ti ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ láti oṣù tó kọjá. Mo ní kò burú, ilé mi la ti máa ṣe é, a ó sì ṣe é tayọ̀tayọ̀. Mo gbèrò pé ibẹ̀ ni màá ti ṣẹ́gun Marlys. Mo tan ẹ̀rọ amúlégbóná láàárọ̀, ohun tí mi ò ṣe rí láti ọjọ́ ìsìnkú ọkọ mi. Mo tẹ́ aṣọ tábìlì tó dára jù. Russell gba ààyè níbi iṣẹ́ rẹ̀ ní iléeṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin. Inú mi ń dùn, ọkàn mi ń sáré, mò ń kọrin lórí àtẹ̀gùn.

Tòlótòló tí Marlys rà tóbi débi pé a yọ gbogbo irin inú ààrò sítóòfù mi kó tó wọ̀ ọ́. Marlys fi bébà irin dídán wé e, òun àti Britta tì í wọlé, Russell fi orúnkún ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa. Marlys ní nínú ìdílé tiwọn, wọn kì í ṣí i wò títí á fi ku wákàtí kan kí wọ́n jẹun. Lẹ́yìn náà gbogbo wa jáde sí pálọ̀, a pa ilẹ̀kùn ilé ìdáná dé kí ooru má baà sá lọ, Marlys sì jókòó ti ẹ̀rọ amúlégbóná pẹ̀lú kóòtù rẹ̀ lọ́rùn. Kò tíì bọ́ kóòtù yẹn láti ìgbà tó ti dé.

Nígbà tí àsìkò tó, ó wọlé lọ láti bu ọ̀rá sórí ẹyẹ náà. A ò gbọ́ ohùn rẹ̀. Mo lọ wo ohun tó ṣẹlẹ̀, mo bá a tó kúnlẹ̀ síwájú ààrò, ó gbé ọwọ́ lé àyà tòlótòló bí dókítà.

"Ó tutù," ó ní. "Beryl, ẹyẹ yìí tutù."

Mo gbójú sókè sí ògiri. Súwíìsì pupa ńlá tó ń fún sítóòfù níná wà níbẹ̀, ó ti kú fin-ín. Èmi ni mo pa á. Lẹ́yìn tí gbogbo wọn ti jáde, mo padà wọlé lọ po tíì, bí mo sì ṣe ń jáde ni ọwọ́ mi ń pa súwíìsì ara ògiri lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ti kẹ́tùlù, ti rédíò, ti sítóòfù. Ọwọ́ mi ò bèèrè lọ́wọ́ orí mi. Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ wa pé èèyàn kì í fi iná sílẹ̀ nínú yàrá tí kò sẹ́nìkan. Òórùn àlùbọ́sà tí wọ́n din láàárọ̀ ló tàn wá jẹ, gbogbo wa rò pé tòlótòló ló ń ta sánsán.

"Èmi ni," mo ní. "Mo ti pa súwíìsì."

"Súwíìsì wo?"

"Èyí tó wà lára ògiri yẹn."

"Sítóòfù ní bọ́tìnnì tirẹ̀, èmi ni mo yí i. Kí ni ògiri ń wá nínú ọ̀rọ̀ yìí?"

"Bí a ṣe ń ṣe é níbí nìyẹn."

Marlys dìde díẹ̀díẹ̀. "Ẹ̀yin èèyàn yìí, ẹ̀rù iná ń bà yín ju ẹ̀rù òtútù lọ. Ó tán. Britta, kó ẹrù rẹ. Sátidé, à ń lọ sílé."

Britta ti jókòó sórí àtẹ̀gùn, ikùn rẹ̀ wà lórí itan rẹ̀, ó ń sunkún bí ọmọdé. Mi ò rí i kó sunkún rí. Russell ọmọ mi, tí kò mọ ìgbà tó yẹ kéèyàn dákẹ́, ní, "Ẹ jẹ́ ká kúkú lọ ra ẹja díndín ní ṣọ́ọ̀bù Sugden."

"Ẹja," Marlys ní. "Lọ́jọ́ Ìdúpẹ́. Ká ní Walt ọkọ mi wà láàyè ni, ì bá ti gbé ìkòkò rẹ̀ sí àgbàlá, kó din tòlótòló yìí lódindi. Wákàtí kan ò ní pé tá a ó fi máa jẹun."

Mo ní, "Ẹ dúró ná. Ẹ ní ẹ máa ń din ín?"

"Nínú epo gbígbóná."

"Epo tó pọ̀ tó báwo?"

Ó la apá rẹ̀ méjèèjì. Mo wo Russell, Russell wò mí. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Mo fa abọ́ rọ́bà yọ nínú ibi ìfọwo, abọ́ tó wà nínú abọ́, mo gbé tòlótòló lé e, mo sì ní kí Marlys di etí rẹ̀ kejì mú.

Ẹ bá wa rí i bí a ṣe ń sọ̀kalẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ wa lọ sí ṣọ́ọ̀bù Sugden. Àgbàlagbà obìnrin méjì ń sáré, ẹyẹ ń yọ̀ síwájú, ó ń yọ̀ sẹ́yìn, Russell ń pariwo lẹ́yìn wa pé ká ṣọ́ra, Britta di ikùn rẹ̀ mú, ó ń bọ̀ jẹ́jẹ́, ẹkún rẹ̀ sì ti ń di ẹ̀rín. Láti ìgbà tí mo ti dàgbà, mi ò sáré bẹ́ẹ̀ rí. Àyà mi ń lù kìkì, kì í sì í ṣe ẹ̀rù nìkan. Ó ń dùn mọ́ mi.

Barry Sugden, tó ti ń din ẹja ládùúgbò wa láti ìgbà tí Russell wà nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ń nu tábìlì rẹ̀ lọ́wọ́. Oúnjẹ ọ̀sán ti parí.

"A ti tì," ó ní. Ó wá rí abọ́. "Beryl, kí lẹ gbé yẹn? Ṣé Britta ti bí ni?"

"Tòlótòló ni."

"Kí ló ṣe é?"

"Kò tíì sí ohun tó ṣe é, wàhálà rẹ̀ gan-an nìyẹn. Barry, bá wa din ín."

"Nínú ọ̀rá màlúù mi? Ẹ mọ̀ pé Fúráìdè ni lọ́la. Gbogbo Otley ló ń wá jẹ ẹja lọ́dọ̀ mi. Tí ẹja mi bá ń rùn bí ẹyẹ, kí ni mo fẹ́ wí?"

Marlys sún mọ́ ọn. "Ọ̀gbẹ́ni, ọkọ̀ òfuurufú méjì ni mo wọ̀ kí n tó débí. Ọmọ mi nìyẹn lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú oyún. Kò tíì jẹ oúnjẹ ọjọ́ yìí láti ọdún tó ti wá. Ọ̀rá yín ló kù tá à ń wò."

Barry wò ó láti òkè délẹ̀. "Ẹ̀yin ni ìyá ará Amẹ́ríkà tí wọ́n ní ó ń fi kóòtù sùn?"

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

Gbogbo wọn yíjú sí mi. Mò ń wo ẹja tí wọ́n yà sára ògiri.

"Ó dáa," Barry ní, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ìkòkò ti ìkangun yẹn, mo fẹ́ pààrọ̀ ọ̀rá rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ lò ó. Ṣùgbọ́n ẹ gé ẹyẹ yìí kékeré, kí ẹ sì nù ún gbẹ. Ẹ̀kán omi kan ṣoṣo, gbogbo wa ló máa bó."

"Ẹni tí Walt fi ṣe ìyàwó lẹ fẹ́ kọ́ ní tòlótòló díndín?" Marlys ní.

Ó bọ́ kóòtù. Mo fi ojú mi rí i. Ooru ọ̀rá ń fẹ́ lu wa lójú, Marlys ju kóòtù sórí àga, ó ká ọwọ́ aṣọ, ó gba ọ̀bẹ ńlá lọ́wọ́ Barry. "Beryl, di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Dì í dáadáa, ẹyẹ ni, kì í ṣe ọwọ́ bíṣọ́ọ̀bù." Ó gé, mò ń nù. Russell ń kó aṣọ ìnuwọ́ wá. Nígbà tí itan àkọ́kọ́ wọ inú ọ̀rá, ó pariwo ṣàà, gbogbo wa fò sẹ́yìn, a sì tún sún mọ́ ọn lẹ́ẹ̀kan náà. Ara rẹ̀ pọ́n, ó le, ó ń dán. Òórùn rẹ̀ gba gbogbo òpópónà. Barry já awọ díẹ̀ jẹ, ó tún na ọwọ́ sí i.

"Báwo ló ṣe rí?" Marlys bi í.

"Ẹ jẹ́ kí n tún un tọ́ wò kó lè dá mi lójú."

"Ọ̀gbẹ́ni, àyà rẹ̀ ṣì wà nínú iná. Fi ọwọ́ rẹ sílẹ̀."

Barry da ọ̀dùnkún sínú ọ̀rá tó kù, ó ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ó gbé ọtí kíkan rẹ̀ dání, ó sì bá wa gun òkè padà. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. A jẹun títí. Marlys bu ọtí kíkan sórí ọ̀dùnkún, ó jẹ ẹ́, ó tún bù sí i, ó ní ta ló fi nǹkan yìí pamọ́ fún òun láti ọjọ́ yìí. Èmi náà jẹ ànàmọ́ tí wọ́n po ṣúgà mọ́, mo sì gbé páì elégédé wọn mì láìsọ̀rọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oògùn ikọ́ ló jọ lẹ́nu mi. Ẹ̀rín pọ̀ débi pé a gbàgbé iná, a gbàgbé òtútù. Marlys ń pè mí ní ìwọ, èmi náà ń pè é ní ìwọ. Kóòtù rẹ̀ ṣì wà ní ṣọ́ọ̀bù Barry, kò sì béèrè rẹ̀.

Nígbà tí a jẹun tán, ó fẹ̀yìn ti àga. "Beryl, jẹ́ kí n sọ òótọ́. Ilé rẹ ò dáa. Ṣùgbọ́n mo ti rí i pé ọmọ mi ní èèyàn níbí. Ẹni tó lè gbé tòlótòló sáré sọ̀kalẹ̀ torí ọmọ mi, á gbé ọmọ-ọmọ mi dáadáa. Kí Britta dúró kó bímọ síbí."

Mo ti ṣẹ́gun. Mo fẹ́ jó. Inú mi dùn débi pé mi ò lè jókòó, mo kó àwo, mo gba ilé ìdáná lọ, mo sì bá Britta níbẹ̀, ó kẹ́yìn sí mi, ọwọ́ rẹ̀ wà nínú omi, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Mo rò pé ayọ̀ ni. Mo yí i sọ́dọ̀ mi. Ayọ̀ kọ́.

"Kí ló dé, ọmọ mi?"

"Beryl, ẹ má bínú." Ó ń nu ojú pẹ̀lú ọwọ́ tútù. "Mo ti ń gbàdúrà pé kí Mọ́mì fipá mú mi lọ. Tó bá fipá mú mi, kò ní jẹ́ èmi ni mo fi yín sílẹ̀."

"O fẹ́ lọ?"

"Mo fẹ́ bímọ nílé wa. Ẹ ti ṣe dáadáa fún mi jù, mi ò mọ bí mo ṣe máa gbé e kalẹ̀ níwájú yín."

"Ṣé torí òtútù ni?"

"Òtútù ti mọ́ mi lára. Ìyá mi ni mo fẹ́."

Mi ò ní parọ́, ó dùn mí wọnú egungun. Gbogbo ọdún tí mo fi ń sọ kiri pé ọmọ yìí kì í ráhùn, n kò fìgbà kankan bi í bóyá ó ní ohun tó fẹ́ ráhùn lé lórí. Mo dúró níbẹ̀, àwo wà lọ́wọ́ mi, mo sì rántí yàrá kékeré tí mo kùn. Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ẹni tó bá sì fẹ́ràn ọmọ kì í dá a dúró lọ́nà ilé ìyá rẹ̀. Mo gbé àwo kalẹ̀. Mo nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ìnuwo, mo dì í lọ́wọ́ mú, mo fà á lọ sí pálọ̀, níbi tí Marlys àti Barry ti ń jiyàn lórí ọ̀rá.

"Marlys," mo ní, "mú un lọ ní Sátidé."

Russell ní, "Mọ́mì?"

"Ìwọ náà á tẹ̀lé wọn nígbà tí oṣù rẹ̀ bá kù díẹ̀. Ìyá rẹ̀ ló fẹ́. Èmi náà ì bá fẹ́ ìyá mi." Mo yíjú sí Marlys. "Ṣùgbọ́n mò ń bọ̀ o, Marlys. Mo máa wọ ọkọ̀ òfuurufú méjì yẹn, tí ọmọ náà bá sì dé, èmi ni mo máa kọ́kọ́ gbé e."

Marlys wo ọmọ rẹ̀. Ó rí ojú rẹ̀, ó sì yé e. Ó wá yíjú sí mi, ojú tiẹ̀ náà ti pọ́n.

"Irọ́ lo pa," ó ní. "Èmi ni mo máa kọ́kọ́ gbé e."

Ó sì sún lórí àga kí n lè jókòó tì í.